Ìsinmi fún Àwọn Tí Ń Tọ́jú Arúgbó àti Aláìsàn Nínú Ilé



Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a sin òkú ìyá arúgbó kan ní Ẹgàn, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Òkú àgbà ni. Ayọ̀ ni a fi sin ín. A ta àtíbàbà dí ojú ọ̀nà, a pa màlúù, àwọn onílù kò sinmi, aṣọ ẹbí sì yọ lára olúkúlùkù. Àwa tìkára wa ni a gun orí àga ìwàásù lọ́jọ́ náà. A yin àwọn ọmọ olóògbé tí wọ́n ti òkè òkun wá; a dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì súre fún wọn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a sọ̀kalẹ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbólóhùn kan ṣoṣo mẹ́nu kan ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó bá a gbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin yìí fi gbé ìyá rẹ̀ dìde, tí ó fi wẹ̀ ẹ́, tí ó fi bọ́ ọ, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá náà. Ó ta ìsọ̀ tí ó ní ní ọjà. Ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ẹ sọ́nà dúró títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a pè é kí ó jáde wá jó, kò lè jó. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó jókòó sórí àga, ó ń wo àwa tí a ń jó ní orúkọ ìyá tí òun nìkan ti gbé.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn wa. A ronú iye owó tí ẹgbẹ́ yìí àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn dá fún ìnáwó ọjọ́ kan náà, a sì bi ara wa léèrè pé: nínú ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá yìí fi wà lórí ìdùbúlẹ̀, ọjọ́ mélòó ni ẹnìkan nínú wa wí fún ọmọbìnrin yìí pé, “Dìde, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ, àwa yóò jókòó ti ìyá títí di àṣálẹ́”? Kò sí ọjọ́ kan. Àwa tí a ń kọ èyí kò ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ilé wa kò jìnnà sí ilé wọn. Nítorí náà, bí a bá dàbí ẹni tí ń bá ẹgbẹ́ wí nínú ìwé yìí, kí ẹ mọ̀ pé ara wa ni a kọ́kọ́ bá wí.

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí tọ̀nà, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Òwe náà sọ ohun tí òkété yóò mu. Kò sọ ohun tí ọmọ òkété yóò jẹ kí ọmú rẹ̀ má bàa gbẹ. Èyí ni àwọn baba wa kò sọ, nítorí pé ní ayé tiwọn kò sí ìdí fún un láti sọ ọ́. Nínú agbo ilé àtijọ́, ẹnìkan kọ́ ni í tọ́jú arúgbó. Ìyàwó ilé kan a gbé omi gbígbóná wá, èkejì a fọ aṣọ, ọmọ kékeré kan a máa sùn lẹ́bàá ìyá àgbà lóru láti ké pe àwọn ẹlòmíràn, àwọn ọkùnrin a sì gbé e jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀ kí ó lè rí ojú ènìyàn. Ọmú pọ̀, ẹnu tí ń mu ún kò pọ̀.

Báwo ni Ẹgàn ti rí lónìí? Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ilẹ̀ oko. Lónìí ilé ti so mọ́ ilé láti Ìkòtún dé Ìgándò, àti láti Ìgándò títí lọ sí Ìyànà-Ìbà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan, kò sì sí ẹni tí ó ní ojú tí kò mọ̀ pé a ti pọ̀ sí i gidigidi láti ìgbà náà. Àwọn ènìyàn ti ọ̀nà gbogbo wá, wọ́n gba yàrá kan tàbí méjì, wọ́n sì mú ìyá wọn wá láti abúlé nígbà tí ara rẹ̀ kò yá mọ́. Ẹni tí ó bá wọn gbé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ti jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, kí ó má bàa há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà; ilẹ̀ yóò ti ṣú kí ó tó padà. Nítorí náà, láàrin èrò tí ó tó báyìí, ènìyàn lè wà pẹ̀lú aláìsàn kan nínú yàrá láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe iṣẹ́ yìí rí a máa rò pé kí a ṣáà jókòó ti aláìsàn ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, a ní láti máa yí i lórí ibùsùn, lọ́sàn-án àti lóru, kí egbò má bàa dá sí i lára. A ní láti bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kí oúnjẹ má bàa há a lọ́nà ọ̀fun. A ó fọ aṣọ àti ìtẹ́sùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ì báà ṣe ọjọ́ tí kò sí omi. A ó gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò, a ó tò, a ó ra oògùn, a ó sì tún gbé e padà. Ti arúgbó tí ń ṣarán wá yàtọ̀ pátápátá. Òun lè rìn, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó ń lọ. Lóru ni yóò ṣílẹ̀kùn tí yóò sì jáde. Yóò pe ọmọ rẹ̀ ní olè, yóò bi í pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” Àwọn aláìmọ̀kan àdúgbò a sì máa sọ pé àjẹ́ ni ìyá náà, pé ó ń jẹ́wọ́. Nítorí ìtìjú yìí, àwọn ilé mìíràn a ti ìlẹ̀kùn mọ́ aláìsàn àti olùtọ́jú rẹ̀ pọ̀. Àrùn ọpọlọ ni ìṣarán ti irú èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àjẹ́. Ó sì yẹ kí àwa tí a kàwé máa sọ ọ́ kíkankíkan ní gbangba.

Ẹ̀yin ará, ara ènìyàn kì í ṣe irin. Ẹni tí kò sùn a máa kanra. Ẹni tí ó ń gbé ènìyàn láìsí olùrànlọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ a bàjẹ́. Àníyàn a máa mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa ru, kò sì ní ráàyè lọ wò ó. Ohun kan sì wà tí a kì í fẹ́ sọ: ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ jù a máa le. A ti gbọ́ ti ọmọ rere tí ó lu ìyá rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, tí ó sì sunkún di òwúrọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ràn arúgbó, kí ó wá ìsinmi fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ire aláìsàn pàápàá wà nínú rẹ̀.

Ó di ẹ̀yìn ìsìnkú náà kí a tó lọ bá ọmọbìnrin yẹn. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó foríjì wá. A sì bi í pé kí ni à bá ti ṣe fún un. A rò pé owó ni yóò dárúkọ. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń fi owó ránṣẹ́. Owó kì í wẹ àgbà. Ohun tí mo fẹ́ nígbà náà ni kí n lè jókòó níbi tí àwọn ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín, fún wákàtí méjì péré, kí n má sì máa fetí sílẹ̀ bóyá màmá ń pè mí.” A kò rí èsì fún un. Ìbéèrè rẹ̀ kò tóbi. Ẹgbẹ́ tí ó lè ra màlúù lè fi í fún un láìsí wàhálà.

Àwọn kan yóò ní àṣà òyìnbó ni èyí, pé kí ọmọ máa wá ìsinmi kúrò lọ́dọ̀ òbí. A fẹ́ rán wọn létí ohun tí ọmọ Yorùbá kan ṣe ní Abẹ́òkúta. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú ní Àró ní ọ̀nà tí ayé kò tíì mọ̀ dáadáa nígbà náà. Dípò kí ó ti gbogbo wọn mọ́ inú ọgbà, ó fi wọ̀ wọ́n sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó wà ní àyíká ilé ìwòsàn náà, ó sì béèrè pé kí ìbátan aláìsàn kan, ó kéré tán, bá a wá. Wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọn a sì padà sí abúlé. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ìbátan tí ó wá kò jókòó nínú yàrá nìkan pẹ̀lú aláìsàn rẹ̀. Ó wà láàrin abúlé tí ó ní oko, tí ó ní aládùúgbò, níbi tí àwọn ẹlòmíràn tí ó ní irú ẹrù rẹ̀ wà pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè kọ́ ẹ̀kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, Dókítà Lámbò sì di igbá-kejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Ohun tí ayé yìn wá fún, ó ha yẹ kí àwa tìkára wa gbàgbé rẹ̀?

Níti àwọn òyìnbó, ó dára kí a mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibi tí wọ́n dé. Obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Mary Webster, òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Congregational. Ní 1954 ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ tọ́jú àwọn òbí rẹ̀. Ní 1963 ó kọ̀wé sí àwọn ìwé ìròyìn nípa ìgbésí ayé irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, lẹ́tà àwọn tí ó wà nínú ipò kan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí dé. Ní 1965 a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó kú ní 1969, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Ní 1976 ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí san owó díẹ̀ fún àwọn kan tí ń tọ́jú aláìsàn. Síbẹ̀ títí di 1986 wọn kò san án fún obìnrin tí ó wà nílé ọkọ, nítorí wọ́n kà á sí pé ilé ni yóò kúkú wà. Ìkànìyàn ọdún 2021 rí mílíọ̀nù 5 ènìyàn ní England àti Wales tí ń tọ́jú ẹlòmíràn láìgba owó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ lónìí ni wọ́n ti ní ibi tí irú àwọn wọ̀nyí ń péjọ sí, láti jẹun, láti kọrin, láti rìn káàkiri, láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kò rí i pé kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́kọ́ rí wọn? Obìnrin kan tí ó mọ ìwúwo ẹrù náà ni ó kọ́kọ́ kígbe, ẹgbẹ́ sì gbọ́.

Àwa náà ní òfin. Òfin ọdún 2017 dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà fún àǹfààní àwọn àgbàlagbà, àti ní January 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara. A dúpẹ́ fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin Àbújá kò lè wọ yàrá kan ní Ẹgàn ní ọ̀sán Sátidé láti wí pé, “Ó tó, lọ sinmi.” Aládùúgbò ni ó lè ṣe é.

Ọgbọ́n rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa. Àwọn baba wa ní àárò: lónìí a ó ro oko tìrẹ, lọ́la a ó ro tèmi. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún a ké sí àwọn ará, wọ́n a wá, iṣẹ́ a sì tán ní ọjọ́ kan. Wọ́n ní èsúsú, èyí tí àlùfáà Samuel Johnson kò gbàgbé láti kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu? Àárò nìkan kò tó, nítorí ẹni tí a bá jókòó ti ìyá rẹ̀ kò lè kúrò nílé láti wá san án padà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀wẹ̀ nìkan kò tó, nítorí iṣẹ́ yìí kì í tán ní ọjọ́ kan. Ti èsúsú ni kí a so mọ́ ọn: kí àwọn tí kò ní aláìsàn nílé lónìí máa dá ọjọ́ wọn sílẹ̀, bí a ti ń dá owó, kí wọ́n sì mọ̀ dájú pé ó ń bọ̀ wá kan àwọn náà láti kó o. Bó pẹ́ bó yá, kò sí ilé tí kò ní kàn.

Ohun tí a dá lábàá nìyí. Kí olóyè àdúgbò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn onílé, mọ iye ilé tí aláìsàn tàbí arúgbó wà tí kò lè dá dúró. Kí a yan Sátidé méjì nínú oṣù, láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí àwọn tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí máa lọ sí ilé ní méjìméjì, obìnrin sí ọ̀dọ̀ obìnrin, ọkùnrin sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì bá ti kọ́ wọn bí a ti ń yí aláìsàn padà àti bí a ti ń bọ́ ọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ yóò ràn wá lọ́wọ́ nínú èyí. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ aráyé níláti kọ́kọ́ mọ sùúrù.

Ní wákàtí wọ̀nyẹn, kí àwọn olùtọ́jú péjọ ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù kan àti ti mọ́ṣáláṣí lóṣù kejì. Kí a má ṣe pè wọ́n jọ láti wàásù fún wọn. Àwa oníwàásù ni a ń sọ ọ́. Kí wọ́n bá ọpọ́n ayò níbẹ̀, àti ìlù, àti obìnrin tí yóò dirun fún ẹni tí kò ráàyè dirun láti ọjọ́ pípẹ́. Kí wọ́n jẹ oúnjẹ tí ọwọ́ wọn kò sè. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí ó kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sùn, kí a tẹ́ ẹní fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì jí i. Kí nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Lékè gbogbo rẹ̀, kí wọ́n rí ẹlòmíràn tí ó mọ ohun tí ojú wọn ń rí, kí obìnrin tí ìyá rẹ̀ pè ní olè lánàá gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn pé, “Tèmi náà pè mí bẹ́ẹ̀.”

A mọ̀ pé ẹ óò béèrè owó rẹ̀. Ìdámẹ́wàá ohun tí ẹgbẹ́ ń dá fún ìsìnkú kọ̀ọ̀kan ni kí a yà sọ́tọ̀. Àtíbàbà kan tí ó dín, aṣọ ẹbí kan tí a kò rà, ó ti tó láti bẹ̀rẹ̀. A mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn kan yóò bẹ̀rù àlejò nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n lọ ní méjìméjì, kí olóyè àdúgbò sì mọ orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ó fẹ́ràn òbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ sinmi, a bi í pé: olúwa rẹ̀ ha ti dá a ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan rí bí? Àti ẹ̀yin ọkùnrin, kí a má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún obìnrin. Àwọn ọkọ wà ní àdúgbò wa tí ń wẹ aya wọn tí àrùn dá dúbúlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a pè wọ́n wá jókòó pẹ̀lú àwọn ìyókù.

Ẹ̀yin olóyè, àwa ni a ń fi ẹnu wa sọ pé ọmọ Yorùbá mọ iyì àgbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n iyì tí ènìyàn kan ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ rù fún gbogbo wa, kì í ṣe ti gbogbo wa. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. A bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí a tó ka ti ìsìnkú, kí a sì yan ẹni márùn-ún tí yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àdúgbò kan. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti fi orúkọ wa sílẹ̀ fún Sátidé àkọ́kọ́.